Ọkọ̀ Tí Jagunlabí Fi Fún Omi

Ìjánu kò ṣeé kó sí ìgbì lẹ́nu.
Gàárì kò ṣeé dì mọ́ ọ̀sà lẹ́yìn.
Ẹni tí yóò la odò kọjá ní í kọ́kọ́ rẹ ẹsẹ̀ sómi.

Àwọn ni ó dífá fún Jagunlabí, olókùn-ẹṣin, olórí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀dàn-Àrè, ní ọjọ́ tí ó ń ti orí ilẹ̀ gbígbẹ lọ sí ogun orí omi, tí kò mọ èyí tí yóò ṣe mọ́. Wọ́n ní kí ó rúbọ. Ó rú díẹ̀, ó fi díẹ̀ sílẹ̀. Díẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ yẹn ni ìtàn yìí dá lé.

Ìlú àwọn ẹlẹ́ṣin ni Ọ̀dàn-Àrè. Bí ènìyàn bá gun òkè tí ó wà lẹ́yìn ààfin, koríko ni yóò máa wò títí ojú rẹ̀ yóò fi rẹ̀ ẹ́. Gbogbo ibi tí koríko yẹn dé, ti Ọlọ́dàn ọba wọn ni. Ọmọ Ọ̀dàn a máa gun ẹṣin kí ó tó mọ bí a ti ń so ṣòkòtò. Àwọn ìlú tí ó yí wọn ká ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn, eruku ẹṣin lásán ni wọ́n sì ń rí tí wọ́n fi ń dọ̀bálẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Ọ̀dàn kò ní. Iyọ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ẹ̀bá-Ọ̀sà ni iyọ̀ ti ń wá. Àwọn ni ó ń se omi òkun nínú ìkòkò títí yóò fi gbẹ tí yóò ku funfun nìkan. Wọn yóò fi ọkọ̀ gbé e wá sí èbúté, àwọn ará Ọ̀dàn yóò sì rà á. Ní ọdún kan, Ọlọ́sà, ọba Ẹ̀bá-Ọ̀sà, sọ pé iyọ̀ kò ní gba èbúté mọ́, àfi bí Ọlọ́dàn bá ń fi ẹṣin sin òun lọ́dọọdún. Ọlọ́dàn gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Jagunlabí lọ bá òun mú ẹlẹ́nu gbọọrọ yẹn wá.

Jagunlabí kò lọ ogun kan rí kí ó má mú ẹni tí wọ́n ní kí ó mú wá. Ó kó àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀, wọ́n bo gbogbo etí ọ̀sà. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ parí sí. Orí erékùṣù ni Ẹ̀bá-Ọ̀sà wà. Jagunlabí ń wo èéfín ilé ìdáná wọn ní ọ̀kánkán, kò sì sí ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ọlọ́sà jókòó sínú ọkọ̀ wọn níbi tí ọfà kò lè dé, wọ́n ń jẹ ẹja sísun. Ọ̀kan nínú wọn nahùn sí i pé, “Ẹlẹ́ṣin, ẹ kú ìrìn o. Ẹ máa wọlé bọ̀, ilẹ̀kùn ò tì.” Àwọn ẹṣin fi imú gbọ́ òórùn omi náà, wọ́n fọn imú, wọ́n sì fà sẹ́yìn. Jagunlabí yí padà. Kò yí padà lójú ogun rí kí ó tó di ọjọ́ náà.

Òfin oyè rẹ̀ sì le. Olókùn-ẹṣin tí ó bá ti ogun bọ̀ lófo kì í bá ará Ọ̀dàn jẹun mọ́. Wọn yóò gbé igbá kan tí a dé lórí wá fún un. Bí ó bá ti ṣí i, yóò ti mọ ohun tí ó kù tí òun yóò fi ọwọ́ ara òun ṣe fún ara òun. Ṣùgbọ́n Ọlọ́dàn fẹ́ràn rẹ̀, kò gbé igbá náà wá lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ó ní, “Jagunlabí, mo fún ọ ní gbogbo igi inú igbó mi. Mo fún ọ ní àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, mo fún ọ ní alágbẹ̀dẹ, mo sì fún ọ ní oúnjẹ tí wọn yóò máa jẹ. Gbẹ́ ọkọ̀. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ tí n kò tíì fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, ìwọ náà mọ òfin.”

Jagunlabí délé, ìyàwó rẹ̀ Àbẹ̀jẹ́ gbé oúnjẹ fún un. Àtẹ́ ni ọbẹ̀ náà, bí ọbẹ̀ gbogbo ilé ní Ọ̀dàn. Ó jẹ ẹ́. Àbẹ̀jẹ́ wò ó títí.

Ó ní, “Ẹ lọ bi Ifá léèrè, olórí mi. Ẹ ò mọ ìwẹ̀ẹ́ wẹ̀, ẹ sì fẹ́ lọ bá odò jà.”

Jagunlabí lọ bá àwọn awo mẹ́ta tí a ti dárúkọ wọn. Wọ́n ní yóò borí, ṣùgbọ́n kí ó rúbọ. Wọ́n ní kí ó rú àgbò kan, kí ó rú ẹyẹlé, epo àti aṣọ funfun. Wọ́n ní lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ọkọ̀ tí ó bá gbẹ́, kí ó kọ́kọ́ fi wọ́n fún omi kí ó tó wọ̀ wọ́n. Kí omi gbé wọn mì, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ títí omi yóò fi yó. Wọ́n ní ní ọjọ́ tí yóò bá sì lọ, ẹni tí ó mọ̀nà ni kí ó jẹ́ kí ó ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ náà rú Jagunlabí lójú. Ó ní, “Bí omi bá gbé ọkọ̀ mì, kí ni mo fẹ́ wọ̀ lọ?”

Wọ́n ní, “Ọkọ̀ náà ni.”

“Èyí tí omi ti gbé mì?”

“Òun náà ni.”

Ó bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. Wọ́n ní Ifá kò sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn, àwọn kò sì ní bu ohun tí Ifá kò sọ mọ́ ọn. Ó dìde, ó lọ. Lójú ọ̀nà, ó ń rò ó. Ta ni yóò bọ́ ẹṣin yó tán tí yóò tì í sínú kòtò kí ó tó gùn ún lọ sógun? Ó rò ó pé bóyá Ọlọ́sà ti ránṣẹ́ sí àwọn awo náà. Ojú tì í pé ó ro irú èyí. Ó tún rò ó pé bóyá òwe ni wọ́n ń pa. Kò mọ èyí tí yóò mú nínú gbogbo rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó rú àgbò, ó rú ẹyẹlé, ó rú epo àti aṣọ funfun, nítorí ìwọ̀nyí yé e. Ti ọkọ̀, ó ní òun yóò ṣì rò ó. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ń ro ẹbọ kì í sábà rú u.

Ọkùnrin kan wà ní Ọ̀dàn nígbà náà tí ń jẹ́ Omípidán. Ọmọ Ẹ̀bá-Ọ̀sà ni, òun ni ó sì ń ṣáájú àwọn ọkọ̀ ogun Ọlọ́sà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ oyè ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Ọlọ́sà tí ó fi sá wá. Ó gbéraga, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò sì sí ohun tí àwọn ará Ọ̀dàn ń ṣe tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Òun náà kò lè gun ẹṣin. Ọjọ́ tí ó gbìyànjú rẹ̀, ẹṣin gbé e wọ inú ẹ̀gún, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí i yọ. Jagunlabí pè é, ó ní kí ó wá kọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin bí a ti ń fi àjẹ̀ wakọ̀.

Nǹkan kò wọ́n Ọ̀dàn. Wọ́n gé ìrókò, wọ́n gé ọ̀ganwó, igbó ọba ń dún láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n gùn, wọ́n sì dára lójú. Wàyí o, ta ni yóò tọ́jú wọn? Àwọn ará Ọ̀dàn kò mọ ju bí a ti ń tọ́jú ẹṣin lọ. Wọ́n kọ́ ibùso fún àwọn ọkọ̀ náà bí èyí tí a ń so ẹṣin sí, wọ́n sì gbé wọn lé orí àga onígi kí ẹsẹ̀ wọn má baà tutù. Wọ́n ń dá iná èéfín lábẹ́ wọn kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Wọ́n ń fi òrí ra wọ́n lára ní àràárọ̀, títí wọ́n fi ń dán. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní olùtọ́jú tirẹ̀, ó sì ní orúkọ. Jagunlabí fúnra rẹ̀ a máa lọ fi ọwọ́ pa wọ́n lára ní ìrọ̀lẹ́, a máa bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí Ifá ṣe ní kí ó rì wọ́n kò tilẹ̀ tún wá sí i lọ́kàn mọ́. Ta ni yóò ri ohun tí ó dára tó báyìí?

Ọjọ́ kan ni Omípidán dé ibùso náà. Ó wò yíká, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, “Olókùn-ẹṣin, ṣé wọ́n ti jẹ koríko lónìí?”

Inú bí Jagunlabí. Ó ní, “Àjẹ̀ ni mo ní kí o kọ́ àwọn ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ọba kì í ṣe ti ẹnu rẹ. Má jẹ́ kí n tún gbọ́ ohùn rẹ lórí wọn mọ́.”

Omípidán tẹríba. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ kò ní gbọ́ ọ mọ́.” Wọn kò sì gbọ́ ọ mọ́. Ó ń kọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin ní àjẹ̀, ó ń jẹun rẹ̀, ó ń sùn. Bí ó bá dé ẹ̀gbẹ́ ibùso, yóò gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọyẹ́ jà ní ọdún náà bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ètè là, àtẹ́lẹsẹ̀ là. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tán, Jagunlabí ní ó yá. Wọ́n kó àwọn ọkọ̀ lé orí igi róbótó, wọ́n yí wọn dé etí ọ̀sà, wọ́n tì wọ́n sómi, wọ́n sì bọ́ sínú wọn. Jagunlabí jókòó sí iwájú ọkọ̀ tí ó ṣáájú gbogbo wọn. Abíọ́nà jókòó tẹ̀lé e. Láti ìgbà èwe wọn ni Abíọ́nà ti ń gun ẹṣin ní apá ọ̀tún rẹ̀ nínú gbogbo ogun. Omípidán wà nínú ọkọ̀ ìkẹyìn, níbi tí wọ́n ní kí ó wà.

Wọn kò tíì dé agbedeméjì nígbà tí Jagunlabí rí i pé ẹsẹ̀ òun tutù. Ó rò pé omi ta sí i ni. Ó ṣe díẹ̀, omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó wo ilẹ̀ ọkọ̀, ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí lábẹ́ òrí tí wọ́n rà á, omi sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Abíọ́nà ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni ó ń ṣe ọkọ̀ wa?” Wọ́n fi fìlà gbọ́n omi, wọ́n fi ọwọ́ gbọ́n ọn. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i. Gbogbo àwọn ọkọ̀ náà ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ ogun Ọlọ́sà ti wa ọkọ̀ tiwọn súnmọ́ ìtòsí. Wọn kò ta ọfà kankan. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wò.

Àwọn ẹlẹ́ṣin kò mọ ìwẹ̀. Ẹ̀wù ogun wọn sì wúwo. Jagunlabí wọlé sómi, kò mọ ìsàlẹ̀, kò mọ òkè. Nígbà tí yóò fi mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, Omípidán ni ó di ìdí ṣòkòtò rẹ̀ mú, tí ó ń wọ́ ọ lọ sí èbúté. Jagunlabí pe Abíọ́nà. Ó tún pè é. Lọ́jọ́ kejì ni omi gbé Abíọ́nà wá sí etí ọ̀sà fúnra rẹ̀, òun àti àwọn mìíràn.

Jagunlabí jókòó sórí yanrìn. Bí ọ̀tá bá ṣẹ́gun ènìyàn, ó mọ ẹni tí ó ṣẹ́gun òun. Ta ni ó ṣẹ́gun tirẹ̀? Ẹnikẹ́ni kò gbé apó, ẹnikẹ́ni kò fa idà. Àwọn ọkọ̀ tí ó tọ́jú ju ọmọ lọ ni ó pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti rí ibi tí òun ti ṣì í, kò rí i. Ó padà lọ bá àwọn awo mẹ́ta náà pẹ̀lú aṣọ tí kò tíì gbẹ lára rẹ̀.

Wọn kò bá a wí. Wọ́n ní, “Ààbọ̀ ẹbọ ni o rú. Ààbọ̀ tí o fi pamọ́, omi ti wá gbé e fúnra rẹ̀, kò sì gbé ọkọ̀ nìkan. Ẹbọ náà kò yí padà. Lọ rú u.”

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú igbó ọba. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi òrí ra. Jagunlabí ní kí wọ́n kó wọn wá sínú odò kékeré kan tí ó wọ ọ̀sà lẹ́bàá èbúté. Ó ní kí wọ́n kó yanrìn àti òkúta kún inú wọn. Àwọn ẹlẹ́ṣin wo ara wọn. Òun ni ó kọ́kọ́ ju òkúta sínú ti àkọ́kọ́. Ọkọ̀ náà rọra ń lọ sílẹ̀, omi hó díẹ̀, ó sì pa dé lórí rẹ̀. Wọ́n rì wọ́n títí wọ́n fi tán. Àwọn kan ní ìbànújẹ́ ti dorí baba kodò. Àwọn kan ní ó ń wá ọ̀nà àtilọ sílé ni. Jagunlabí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò yé òun náà. Ó kàn ń ṣe é ni.

Ó pe Omípidán, ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ àṣẹ ọrùn rẹ̀, ó fi sí i lọ́rùn. Ó ní, “Láti òní lọ, bí a bá ti dé orí omi, ìwọ ni baba. Èmi yóò jókòó sẹ́yìn.”

Omípidán wo omi tí ó pa dé náà. Ẹ̀rín kò wá sí i lẹ́nu ní ọjọ́ náà. Ó ní, “Ta ni ó sọ fún yín pé kí ẹ rì wọ́n?”

“Ifá ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Bí ọkọ̀ kò bá ní iṣẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó rì í. Igi tí oòrùn bá mú gbẹ yóò là. Èyí tí ó bá mumi yó kì í gba omi láyè mọ́.”

Jagunlabí wò ó. Ó ní, “Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Ẹ ní ẹ kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi.”

Jagunlabí ronú kan Abíọ́nà, ó sì fi ìka àbámọ̀ bọnu. Omípidán náà gbójú sílẹ̀, nítorí àwọn tí ó kú náà wà lára àwọn tí ó kọ́ ní àjẹ̀.

Síbẹ̀, kò tíì yé Jagunlabí tán. Ọkọ̀ tí kò jò kì í ṣe ọkọ̀ tí ó ṣẹ́gun. Inú ọkọ̀ ni àwọn ará Ẹ̀bá-Ọ̀sà ti la ojú, àwọn tirẹ̀ kò tíì mọ bí a ti ń jókòó nínú rẹ̀ dáadáa. Ó ń wo ojú ọ̀run. Ìkúukùu ń kó ara wọn jọ ní òde jíjìn. Ní ọjọ́ tí ààrá kọ́kọ́ sán, ìlàrí tí ọba rán níṣẹ́ dé.

Orúkọ ìlàrí náà ni Má-padà-lófo. Igbá kan tí a dé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí Jagunlabí, ó ní, “Ọba ní kí n wá wo àwọn ọkọ̀.”

Jagunlabí mú un lọ sí etí odò. Ó ní, “Àwọn nìyí.”

Má-padà-lófo wo odò lọ, wò ó bọ̀. Ó ní, “Omi ni mò ń wò.”

“Wọ́n wà nínú rẹ̀.”

“Nínú omi?”

“Nísàlẹ̀ rẹ̀.”

Ìlàrí náà ní, “Olókùn-ẹṣin, ọba yóò bi mí ní ohun tí mo rí. Ṣé kí n sọ fún un pé mo rí omi?”

Jagunlabí ní, “Ifá ní kí n rì wọ́n. N kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.” Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dún létí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣi àwọn awo gbọ́ ńkọ́?

Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Má-padà-lófo ní bí wọ́n ti rán òun, kí òun gbé igbá náà lé e lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n òjò kò tíì rọ̀, òun yóò dúró de òjò. Ó gbé igbá náà sí ẹnu ọ̀nà àtíbàbà Jagunlabí. Bí Jagunlabí bá ń wọlé, yóò kọjá lára rẹ̀. Bí ó bá ń jáde, yóò tún kọjá lára rẹ̀. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, àtẹ́ kọ́ ni ó sì fà á.

Kò mọ̀ pé àwọn apẹja Ẹ̀bá-Ọ̀sà ti rí wọn nígbà tí wọ́n ń ri ọkọ̀. Wọ́n ti sáré lọ sọ fún Ọlọ́sà pé àwọn ẹlẹ́ṣin ti fi ọwọ́ ara wọn pa ọkọ̀ wọn. Ọlọ́sà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ìgbà tí omi fà tí ẹja sì kó jọ ni. Ó ní kí àwọn awakọ̀ ogun máa lọ sí ibùdó ìpẹja wọn. Oòrùn sì ń pa àwọn ọkọ̀ ogun náà lójú omi. Ta ni yóò fi ọkọ̀ ogun sílẹ̀ kí oòrùn là á, nígbà tí ọ̀tá kò ní ọkọ̀? Wọ́n ṣe bí bàbá wọn ti ń ṣe. Wọ́n rì wọ́n.

Omípidán ni ó kọ́kọ́ fura. Ó ní ọkọ̀ ẹja nìkan ni òun ń rí lójú omi. Ó dé akẹtẹ̀ bí apẹja, ó wọ ọkọ̀ kékeré kan, ó sì lọ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó dé, ara rẹ̀ kò balẹ̀.

Ó ní, “Wọ́n ti ri gbogbo ọkọ̀ ogun wọn. Ìdí-Ẹ̀gbà ni wọ́n wà, mo fi àjẹ̀ kàn wọ́n lórí.”

Jagunlabí ní, “Níbo ni ń jẹ́ Ìdí-Ẹ̀gbà?”

“Ẹ̀gbẹ́ tiwa níbí ni, lójú ilẹ̀. Wọn kì í rì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ erékùṣù, ìgbì pọ̀ níbẹ̀.”

“Ṣé ẹṣin lè dé ibẹ̀?”

Omípidán wò ó. Ó ní, “N kò mọ̀ nípa ẹṣin. Yanrìn líle ni ó wà níbẹ̀.”

Ohun kan wá yé Jagunlabí. Ó ti pẹ́ tí ohunkóhun ti yé e kẹ́yìn. Ó ní, “Wọ́n ti bọ́ gàárì lẹ́yìn ẹṣin wọn, wọ́n sì ti so wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹni tí ó bá gba ibùso ti gba ogun.”

Kí oòrùn tó yọ, wọ́n ti ń kó òkúta jáde nínú àwọn ọkọ̀. Wọ́n tú omi inú wọn dànù, àwọn ọkọ̀ sì gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúdú, wọ́n le gírígírí. Jagunlabí ní kí púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́ṣin gun ẹṣin lọ sí Ìdí-Ẹ̀gbà. Wọ́n ní kí ó ṣáájú àwọn. Ó kọ̀. Ó ní òun kò ní jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ kí ọmọ ọlọ́mọ máa wọ omi. Omípidán wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Jagunlabí wọ èkejì, ó jókòó sí àárín bí ọmọdé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Kò wo erékùṣù, kò wo ọ̀tá, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó ń wò. Wọ́n dé agbedeméjì, ẹsẹ̀ náà gbẹ. Wọ́n kọjá ibi tí Abíọ́nà ti bọ́ sómi, ẹsẹ̀ náà gbẹ. Omijé dé ojú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìwo dún ní Ẹ̀bá-Ọ̀sà. Àwọn awakọ̀ ogun fi àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ ẹja, wọ́n sáré lọ sí Ìdí-Ẹ̀gbà kí wọ́n lè gbé ọkọ̀ wọn dìde. Àwọn ẹṣin ni wọ́n bá níbẹ̀. Òórùn omi ti mọ́ wọn lára, wọ́n dúró nínú rẹ̀ dé ikùn, àwọn tí ó gùn wọ́n sì na ọ̀kọ̀ síta. Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta jáde nínú ọkọ̀ lójú irú wọn? Wọ́n yí padà sílé, wọ́n sì bá àwọn ọkọ̀ Ọ̀dàn ní èbúté ara wọn. Ọlọ́sà jáde wá. Igbá iyọ̀ ni ó fi orí ara rẹ̀ rù. Ẹnikẹ́ni kò kú ní ọjọ́ náà.

Wọ́n bá a mulẹ̀ pé iyọ̀ kò ní dúró mọ́. Ìdajì àwọn ọkọ̀ dúró ní Ẹ̀bá-Ọ̀sà, Omípidán ni olórí wọn, àwọn awakọ̀ Ọlọ́sà ni ó sì ń wà wọ́n fún Ọlọ́dàn. Awọ ẹran ni wọ́n fi bo iyọ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Ọ̀dàn. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, ọba ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Má-padà-lófo ti gbé igbá rẹ̀ padà láìṣí i.

Ọlọ́dàn bi Jagunlabí pé báwo ni ó ṣe ṣe é. Ó ní, “Kábíyèsí, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò yé mi títí di òní. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe nígbẹ̀yìn.”

Ẹni tí ẹbọ rẹ̀ bá dà a máa jó, a máa yọ̀, a máa yin àwọn awo rẹ̀. Àwọn awo mẹ́ta náà jókòó, wọ́n ń retí ijó Jagunlabí. Kò jó. Ó kí wọn, ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn, ó sì bu iyọ̀ sínú ewé, ó gba ilé ìyá Abíọ́nà lọ.

Ìyá náà ń dáná. Ó gba iyọ̀, ó bu díẹ̀ sí ọbẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó ní ó dáa, ó ti pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí Jagunlabí jókòó.

Ó ní, “Wọ́n ní ẹbọ kan ni ẹ rú tí ogun yìí fi ṣẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá.”

“Ìgbà wo ni wọ́n sọ ọ́ fún yín?”

Jagunlabí lè purọ́. Kò purọ́. Ó ní, “Kí a tó lọ ní àkọ́kọ́.”

Ìyá Abíọ́nà bu ọbẹ̀ sínú àwo méjì, ó gbé ọ̀kan síwájú Jagunlabí, àwọn méjèèjì sì jẹun.

Nítorí náà ni Ifá fi ní kí ẹni tí a bá dá ẹbọ fún má ṣe rú èyí tí ó yé e nìkan. Jagunlabí gbọ́ rírú, ó rú u, ire iyọ̀ wọlé, ire ẹ̀mí wọlé, agbára ilẹ̀ di agbára omi. Ẹbọ ní í gbe ni, ìmọ̀ràn ní í gba ni là. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá fi pamọ́ nínú rẹ̀ kì í sọnù. Ẹlòmíràn ní í bá ni rú u.